Ẹ Bi Orúnkún Mi

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé orí orúnkún ló ti ń jẹun. Kì í ṣe pé ó ń ṣagbe. Táìsì ló ń lẹ̀. Bí o bá ti dúró wo àwọn tó ń lẹ táìsì rí, wàá mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń kúnlẹ̀ tó wọn, àfi bóyá ìyàwó tuntun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nílé ọkọ. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, láti yàrá dé yàrá, láti ilé kan dé òmíràn. Ó kúnlẹ̀ nílé ìwẹ̀, ó kúnlẹ̀ nílé ìdáná, ó kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò bi orúnkún rẹ̀ léèrè ohunkóhun rí.

Ó mọṣẹ́, a kò ní fi dù ú. Bó bá lẹ ilẹ̀ kan tán, o lè da omi sí i, kí o sì wo bí omi náà ṣe máa gba ibi tó ní kó gbà. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ọn: onífura paraku ni. Bí o bá kí i lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, á fẹ́ mọ ohun tí ìkíni kejì wà fún. Bí o bá gbé oúnjẹ fún un, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ìfura loògùn àgbà, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó ní ọmọṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Mùdáṣírù. Ìyá ọmọ náà ló mú un wá, ọdún mẹ́fà ló sì fi sìn ín. Kò jalè, kò sá, kò sì fọ́ táìsì oníbàárà kó wá gbé e pamọ́ sábẹ́ iyanrìn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọ̀gá rẹ̀ ṣe fírídọ̀mù fún un. Àwọn onítáìsì ìlú náà pé jọ, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n fún un ní ìwé. Ìyá rẹ̀ wá. Baba rẹ̀ kò wá. Wọ́n ní kò lè wá. Ọ̀gá náà fi ìyẹn sọ́kàn, ó ń rò ó pé irú baba wo ni kò ní lè wá síbi ìdùnnú ọmọ rẹ̀.

Àṣà wọn ni pé ọmọṣẹ́ tó bá ń gba òmìnira á mú ẹ̀bùn wá fún ọ̀gá. Ẹlòmíràn á mú aṣọ, ẹlòmíràn á mú fìlà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o á fa àgbò. Mùdáṣírù dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì tú ọ̀rá dúdú kan. Tìmùtìmù kékeré méjì ló yọ jáde níbẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà inú táyà bò ó lójú, wọ́n sì fi okùn sí i lẹ́yìn, irú èyí tí ènìyàn ń so mọ́ orúnkún tó bá fẹ́ kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ẹ máa fi orúnkún lé e. Ọjọ́ ń lọ.”

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó gba ẹ̀bùn náà, ó ṣàdúrà fún ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn há a láyà. Ta ni ọjọ́ ń lọ fún? Orúnkún wo ló sọ fún ọmọ yìí pé ó ń dun òun? Nígbà tó délé, ó gbé tìmùtìmù náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, ìrora dé.

Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó fẹ́ dìde níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Orúnkún ọ̀tún kọ̀ fún un. Ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó dìde, ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá òun sùn lé e lódì ni. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, orúnkún náà ti wú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò lè gun àtẹ̀gùn láìdi irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Ní mọ́sáláṣí, bí àwọn yòókù bá forí kanlẹ̀ tí wọ́n sì dìde, òun á ṣì wà nílẹ̀, á máa wá ohun tó máa dì mú. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, ó sì ní ọmọ méjì tí kò tíì jáde ilé ìwé. Ẹni tó ń jẹun lórí orúnkún, bí orúnkún bá lóun ò ṣe mọ́, kí ló kù tí yóò máa jẹ? Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ìyàwó rẹ̀ fi òrí pa orúnkún náà fún un.

“Bàbá Sàlíù, iṣẹ́ ni,” obìnrin náà wí. “Orúnkún tó ti ń bá ilẹ̀ jà láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ mi! Ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wò ó fún yín nílé ìwòsàn.”

“Ṣé àná ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni?” ó bi í. “Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, kò dùn mí. Mùdáṣírù gbé nǹkan fún mi, oṣù mẹ́ta péré, ó dé.”

“Nǹkan tí ẹ ò tiẹ̀ tíì fi kan ẹsẹ̀!”

“Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ. Ohun tí wọ́n bá rán sí ènìyàn, ṣé ó dìgbà tó bá wọ̀ ọ́?”

Ìyàwó rẹ̀ dé agolo òrí, ó dìde lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, ó mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kì í wọlé.

Ọkùnrin wa wá lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta sìmẹ́ńtì. Onífura kì í ṣàìní ẹni tí yóò bá a ko iná sí i. Ọ̀rẹ́ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni pé àwọn àpò sìmẹ́ńtì létí.

“Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí,” ó wí. “Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbàárà kan dé, ó dìde lọ dá a lóhùn. Bóyá kó tó di ìrọ̀lẹ́ òun gan-an ti gbàgbé pé òun sọ nǹkan. Ṣùgbọ́n onítáìsì gbé òwe náà délé, ó gbé e sùn, ó gbé e jí. Ó so ó pọ̀ mọ́ òmíràn, pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ta ló sún mọ́ òun tó Mùdáṣírù? Ọdún mẹ́fà ni ọmọ yẹn fi dúró sẹ́yìn òun tó ń na táìsì sóun. Tí ẹnìkan bá mọ ibi tí orúnkún òun ti tẹ̀, ọmọ náà ni.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí Mùdáṣírù ṣe tí kò di ẹ̀rí. Ọmọ náà máa ń yà kí i ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Bó bá ti dọ̀bálẹ̀ tó dìde, orúnkún ọ̀gá ló máa kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ̀. “Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ńkọ́?” ló máa kọ́kọ́ bi í, kó tó béèrè ìyàwó àti ọmọ. Ọ̀gá náà á ní ó wà dáadáa. Nínú ọkàn rẹ̀, á ní ẹni tó gbin iṣu ló ń yọjú wò ó bóyá ó ti ń ta.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọmọ náà béèrè bóyá ọ̀gá ń lo tìmùtìmù náà.

“Mò ń lò ó,” ọ̀gá wí.

Irọ́ ni. Ó ti gbé e kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti jù ú sórí páànù ilé ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé, nítorí kò fẹ́ kó bá òun sùn sábẹ́ òrùlé kan náà. Mùdáṣírù wo orúnkún tó wú, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó sì pa á dé. Ọ̀gá náà rí i, ó sì ka ìyẹn náà mọ́ ẹ̀rí.

Ní àkókò yìí, Mùdáṣírù ti rí ọmọbìnrin kan tó fẹ́ fi ṣe aya. Iṣẹ́ ìránṣọ ni ọmọbìnrin náà ń ṣe, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn ara wọn débi pé àwọn ará àdúgbò ti ń pè é ní ìyàwó onítáìsì. Ìwọ náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í fa ọmọ fún ẹni tí a kò wádìí. A ń wádìí ìdílé, a ń wádìí àìsàn, a ń wádìí ìwà. Bí ọmọkùnrin náà bá jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ la máa ń gbà lọ, nítorí ọ̀gá ló mọ bí ọmọ ṣe ń ṣe nígbà tí ebi ń pa á àti nígbà tí onílé kò sí nílé. Àbúrò baba ọmọbìnrin náà àti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wá bá ọ̀gá onítáìsì níbi iṣẹ́. Wọ́n bá a tó jókòó lórí páálí táìsì, tó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú bí ẹni tó fẹ́ fi dí ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀wọ́, irú ọmọ wo ni Mùdáṣírù?” ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọbìnrin náà béèrè. “Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó kù sílé fún wa ló fẹ́ fẹ́.”

“Kì í jalè,” ọ̀gá náà wí. “Kì í mutí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́, kì í sì í fi ẹnu tẹ́ oníbàárà.”

Ojú àwọn méjèèjì ti ń tú ká. Ibẹ̀ ló yẹ kó dákẹ́ sí. Ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ yí ẹsẹ̀ padà, ìrora gún un láti orúnkún dé ìbàdí, inú sì bí i. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó wú.

“Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìyókù,” ó wí, “ẹ bi orúnkún mi.”

Àwọn àlejò náà wo orúnkún náà, wọ́n wo ara wọn. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì dìde. Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìdílé ọmọbìnrin ránṣẹ́ sí ìdílé Mùdáṣírù pé ọmọ àwọn kò tíì ṣe tán láti lọ sílé ọkọ. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ nìyẹn tí a kò bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀. A kì í dárúkọ ẹni tó jẹ́rìí níbi ìwádìí, nítorí náà wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ilé Mùdáṣírù mọ̀ pé ẹnìkan ti sọ nǹkan. Ẹni tó sọ ọ́ ni wọn kò mọ̀. Ọmọ náà rù, aṣọ ń jó o lọ́rùn. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó tún yà kí ọ̀gá rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ńkọ́?” ó wí.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ: inú ọ̀gá náà dùn díẹ̀. Ó rò pé ẹ̀san ti ké, pé ìrora náà á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó dúró ọ̀sẹ̀ kan, ó dúró ọ̀sẹ̀ méjì. Orúnkún náà kò gbọ́ pé ìyàwó ẹnìkan ti bọ́. Ó ń wú lọ ní tirẹ̀. Ìgbà yìí ni ọkùnrin náà rántí pé nǹkan yẹn ṣì wà lórí ilé ewúrẹ́. Ó ní bí òun kò bá tú u, kí òun yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, òun kò ní rí ìwòsàn.

Ó fi ọ̀rá bọ ọwọ́, ó gbé ọ̀kan nínú tìmùtìmù náà sílẹ̀ láàárín àgbàlá, ó fi ọ̀bẹ là á. Ìyàwó rẹ̀ káwọ́ lérí, ó ń wò ó. Fóòmù ló kọ́kọ́ yọ. Lábẹ́ fóòmù náà ni aṣọ dúdú kan wà, ó ti gbó, wọ́n ká a ní ìlọ́po mẹ́rin, nǹkan funfun sì ti gbẹ mọ́ ọn lára káàkiri. Ọkùnrin náà fi ọ̀bẹ tọ́ka sí i.

“Ṣé o rí i báyìí?” ó wí.

“Mo rí àkísà,” ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Kò tún dúró gbọ́ tirẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá. Kò ní lọ bá Mùdáṣírù. Baba tó bí i ló máa lọ bá, baba tí kò lè wá síbi fírídọ̀mù, kó wá fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ọmọ rẹ̀ gbé lé ènìyàn lọ́wọ́. Ó gun ọ̀kadà. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, orúnkún náà ń jẹ́ kó mọ̀.

Ó bá baba náà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Arúgbó ni, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì fi aṣọ bò wọ́n. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kì í ṣe táìsì. Tẹràsò ni, irú ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ dán kí táìsì tó gbòde. Inú bí ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ojú oníṣẹ́ kò jẹ́ kó má rí i pé ẹni tó dán ilẹ̀ yìí mọṣẹ́.

“Ẹ má bínú pé n kò dìde,” arúgbó náà wí. “Ọdún kọkànlá rèé tí n kò lè dìde bí ẹnìkan kò bá gbé mi. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Èmi ni ọ̀gá Mùdáṣírù.”

Ojú baba náà tàn. “Ọ̀gá wa! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó, ẹ má dúró lé ẹsẹ̀ yẹn. Mo gbọ́ pé ó ń dùn yín.”

Ọ̀gá náà kò jókòó. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa sọ ló ti tò sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó dojú ọ̀rá náà dé. Fóòmù, rọ́bà, okùn àti aṣọ dúdú náà tú sílẹ̀ lórí tẹràsò. Ó wá dúró, ó ń wo ojú baba náà, ó ń retí kó yí padà.

Ojú náà yí padà lóòótọ́. Ẹ̀rín ni baba náà rín. Ó na ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ sí itan.

“Ó ti ya!” ó wí. “Ẹ lò ó dáadáa nìyẹn. Mo sọ fún Mùdá pé òwú yẹn kò nípọn tó, kò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un rán fún yín, kò ní pẹ́.” Ó ti ń fi ọwọ́ wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹní.

“Ẹ̀yin lẹ rán an?”

“Èmi náà ni. Kí ni mo tún ń ṣe níbi tí mo jókòó sí yìí?” Ó gbé aṣọ dúdú náà sókè, ó fi èékánná ha ibi tó funfun lára rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni. “Ṣòkòtò iṣẹ́ mi rèé. Ó nípọn, n kò sì ní bá a lọ síbì kan mọ́.”

Ó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní òun náà ti jẹun lórí orúnkún, tẹràsò ni òun fi gbogbo ọjọ́ ayé òun dán, òun lòun sì dán èyí tí ọ̀gá dúró lé. Ó ní etí ènìyàn kì í gbọ́ orúnkún ara rẹ̀.

“Mùdá ló gbọ́ tèmi,” ó wí. “Nígbà tí mo ṣì lè dìde, ó máa ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń pa èkùrọ́. Nígbà tó wà ní kékeré, ó máa ń fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dàgbà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wá di ọdún kẹrin tó wà lọ́dọ̀ yín, ó wálé ọdún Iléyá, ó ní, ‘Bàbá, orúnkún ọ̀gá mi ti ń dún bíi tiyín, wọn ò sì gbọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.’ Ẹ sọ fún mi, ọmọṣẹ́ wo ló máa wo ojú ọ̀gá rẹ̀ kó sọ fún un pé ó ń dàgbà? Mo ní kó dúró dọjọ́ fírídọ̀mù. Ohun tí ẹnu ò lè sọ, a ń fi ẹ̀bùn sọ ọ́.”

Ọ̀gá náà gbé ara kúrò lórí ẹsẹ̀ kan sí èkejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sì pa rọ́rọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi gbọ́ ọ: kẹ̀, kẹ̀, bí èkùrọ́.

“Ọ̀gá, ó dáa bí ẹ ṣe wá,” baba náà ń wí lọ. “Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹnìkan ti ba ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ yìí jẹ́. Ọmọ náà kò jẹun dáadáa mọ́. Àbúrò mi ni mo fura sí, nítorí ilẹ̀ kan tó wà láàárín wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ní kí ará ilé mi kankan má kí i, kí wọ́n má sì gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ Mùdá jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ọmọbìnrin náà. Bí wọ́n bá gbọ́ tẹnu yín, wọ́n á yí padà.”

Ọkùnrin náà lè sọ pé òun á lọ. Ó lè sọ pé òun náà gbọ́ pé àbúrò yẹn ni. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé. Ó wo abẹ́rẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde lára rọ́bà. Ó wá di ògiri mú, ó tẹ orúnkún tí kò fẹ́ tẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán.

“Baba, èmi ni,” ó wí.

Kò tíì yé baba náà. “Ẹ̀yin kí ni?”

“Èmi ni mo sọ fún wọn. Mo ní kí wọ́n bi orúnkún mi.”

Abẹ́rẹ́ dúró. Baba náà wo tìmùtìmù tó kù díẹ̀ kó rán tán, ó wo àkísà ṣòkòtò tó wà lórí itan rẹ̀, òye ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ là á fún wá yé e. Kò bú u, kò sì ṣépè. Ó parí ìrán náà, ó fi eyín já òwú, ó ti tìmùtìmù náà sí i lórí ilẹ̀.

“Dìde,” ó wí. Kò pè é ní ẹ̀yin mọ́. “Ilẹ̀ yìí tutù, á tún bà á jẹ́ sí i.”

Ọkùnrin náà lọ sílé àwọn ọmọbìnrin náà, ó tú ẹnu ara rẹ̀ palẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n fún un ní omi mu, wọ́n gbọ́ ọ jálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọbìnrin náà wá sọ pé àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n ìdílé mìíràn ti wá, àwọn ti gbà fún wọn, wọ́n sì ti dá ọjọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀. Ó lọ bá àbúrò baba Mùdáṣírù pẹ̀lú, ó bẹ̀ ẹ́. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń kí ara wọn báyìí, àmọ́ mo gbọ́ pé wọn kò tíì bá ara wọn jẹun.

Ó lọ rí nọ́ọ̀sì nígbẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, kí ló sì ń fi sábẹ́ orúnkún. Ó dáhùn méjì àkọ́kọ́. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa na ẹsẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ní kó jáwọ́ nínú gbígbé páálí táìsì. Wọ́n sọ fún un pé kò ní padà di orúnkún ọ̀dọ́mọkùnrin, ṣùgbọ́n bó bá tọ́jú rẹ̀, yóò sìn ín. Ó ń so tìmùtìmù mọ́ orúnkún méjèèjì lójoojúmọ́ báyìí, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Mùdáṣírù ṣì ń yà kí i ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Á dọ̀bálẹ̀, á béèrè ìyàwó, á béèrè ọmọ, á béèrè iṣẹ́. Ọ̀gá náà máa ń na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú dáadáa, níbi tí ọmọ náà máa rí i, á sì dúró. Ọmọ náà kò béèrè ẹsẹ̀ mọ́.

Ìwọ tó o bá mi jókòó yìí, mo rí bó o ṣe di ẹnu ọ̀nà mú nígbà tó o fẹ́ gun àtẹ̀gùn ilé mi. Kó o tó mu omi tán, o ti dárúkọ ìyàwó àbúrò rẹ lẹ́ẹ̀mejì mọ́ ìrora ẹsẹ̀ rẹ. N kò ní kí o má fura. Ìfura loògùn àgbà, mo gbà. Ṣùgbọ́n oògùn ni, ó sì ní ìwọ̀n. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ibà ti ń ṣe ọmọ náà láti ìjẹta. O ti lé ní àádọ́ta. Láti bí ogún ọdún ni o ti ń ru àpò gaàrí sókè sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, wá a lára ẹ̀fọ́ náà kó o tó lọ tú oko ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn sọ fún àwọn àlejò rẹ̀, òótọ́ ni. Orúnkún rẹ̀ ni kí wọ́n bi. Òun gan-an ló kọ̀ tí kò bi í.

Èyí tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé o ní ìyàwó àbúrò rẹ ló kọ́kọ́ sọ fún ọ, ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, pé kí o máa rọra gbé àpò. O ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó mọ̀ nítorí pé ó ń wò ọ́. Lọ sílé ìwòsàn lọ́la. Ṣùgbọ́n gba ilé rẹ̀ kọjá nísinsìnyí, kí o kí i. Bó bá ṣì bi ọ́ pé ẹsẹ̀ ńkọ́, jókòó, kí o sì dá a lóhùn.